Ẹ̀rọ agbẹ́rù alómi fún JSS 2: iṣẹ́ ọwọ́ gidi nínú kíláàsì tí kò ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù

Ìbéèrè: Olùkọ́ Basic Technology ni mí ní Ìṣẹ́yìn. Ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì JSS 2 mi. A ò ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń rí wọn, 40 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo táàmù ni mo máa ń ní kí wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wá láti ilé: àpótí ìjókòó, orógùn, ilé onípáálí. Mo mọ̀ pé káfíńtà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí ni wọ́n lè ṣe lójú mi, tí yóò kọ́ wọn ní nǹkan, tí kò sì ní náni lówó púpọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ káfíńtà tí ẹ sọ yẹn ni gbòǹgbò ìṣòro náà. Iṣẹ́ tí ọmọ kò ṣe lójú yín, owó òbí rẹ̀ lẹ ń fún ní máàkì. Àpótí ìjókòó náà lè dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé e wá kò wọn pákó kó gé e kù rí, kò kan ìṣó kó la igi rí, kò sì jókòó ro ohun tó fà á rí. Ìgbà tí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí ọmọ sì ní láti fúnra rẹ̀ wá ìdí rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ ń wọlé. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ ó yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò kọ́kọ́ kọ̀, tí ìdí tó fi kọ̀ yóò ṣeé fojú rí, tí ọmọ ọdún 12 sì lè tún ṣe kí aago tó lù.

Ẹ má dúró de wọ́kúṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ ńláńlá lọ sí àwọn ilé ìwé fún Introductory Technology, orúkọ tí Basic Technology ń jẹ́ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò kúrò nínú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé, nítorí kò síná, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n lò. Tábìlì kíláàsì, ayùn irin mẹ́ta àti bàsíà omi tó fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀rọ agbẹ́rù kékeré ni kí wọ́n ṣe. Pákó pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀, òpó méjì dúró lórí rẹ̀, apá kan wà láàárín òpó méjèèjì tó lè lọ sókè sódò. Sírínjì kan wà lábẹ́ apá, èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ, rọ́bà tó kún fún omi ló so wọ́n pọ̀. Bí ọmọ bá ti ọ̀pá sírínjì ọwọ́ rẹ̀ wọlé, omi á ti ọ̀pá ti abẹ́ apá jáde, apá á sì gbé ẹrù. Bí típà ṣe ń gbé ẹ̀yìn sókè láti da yanrìn nìyẹn. Epo ló ń lò dípò omi.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ yá jáàkì elépo lọ́wọ́ fọganáísà, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fa ọwọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rí i pé ọwọ́ ń lọ sókè sódò gan-an, orí jáàkì sì kàn ń rọra yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Ẹ má dáhùn. Ẹ kọ ìbéèrè náà sí igun pátákó, kó wà níbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ keje.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ náà lẹ́nu kan: ẹ̀rọ tí yóò gbé 200 gíráàmù láti orí tábìlì sókè ní 10 cm, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan apá rẹ̀. Àwọn sírínjì ni ẹ ó yàn fún wọn. Gígùn apá, gíga òpó, ibi tí sírínjì yóò ti pàdé apá, bí pákó ìsàlẹ̀ yóò ti tóbi tó, wọn ni yóò pinnu gbogbo ìyẹn. Bí ẹ bá ya gbogbo rẹ̀ sójú pátákó fún wọn, ẹ̀rọ 12 tó jọra lẹ ó rí, ẹ̀yin nìkan lẹ ó sì ti ronú.

Ẹgbẹ́ 12, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí wọ́n bá ju mẹ́rin lọ, ẹnì kan á di òǹwòran. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò sírínjì 5 ml kan àti 10 ml kan. Ẹ ra 20 ml mẹ́ta fún gbogbo kíláàsì, wọn yóò máa gbà á lò ní ọjọ́ ìdánwò. Tuntun ni kí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín yọ abẹ́rẹ́ sínú ìgò ike tó lérí kí sírínjì tó dé iwájú àwọn ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣa àlòkù wá láti ilé ìwòsàn, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Rọ́bà dírípù kan tó fún ẹgbẹ́ méjì bí ẹ bá gé 60 cm fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi súyà méjì, okùn ike mẹ́fà irú èyí tí àwọn oníná fi ń di wáyà, ìṣó ínǹṣì kan bíi 12, wáyà tín-ín-rín díẹ̀, gáàmù funfun tí káfíńtà ń lò.

Ní ti pákó, ẹ lọ sí sọ́ọ̀mìlì, ẹ bèèrè àjákù arère. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, ayùn á wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ìrókò àti àpá á ti dá wọn lágara kí wọ́n tó gé ẹyọ kan tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín là á sí ọ̀pá tó fẹ̀ ní 2.5 cm, tó nípọn ní 1.2 cm, pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ fún ìsàlẹ̀, bíi 30 cm sí 20 cm.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pákó, kí wọ́n fi páálí ṣe ẹ̀rọ náà ní títẹ́jú, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Wọ́n á gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní 35 cm fún apá. Ẹ fi hàn wọ́n pé páálí ní ìlà nínú: bí ìlà bá bá gígùn apá lọ, á le, bó bá gba ìbú rẹ̀ kọjá, á ká lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi ìṣó kan de apá mọ́ páálí ńlá tó wà lẹ́yìn, ojú ìṣó yẹn ni apá yóò ti máa yí. Wọ́n á wá gbé sírínjì 10 ml gan-an lé e, wọ́n á sàmì sí ibi tí orí ọ̀pá rẹ̀ wà bó bá pa dé, wọ́n á fà á jáde dé ìlà 5, wọ́n á tún sàmì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìlà 5? Nítorí 5 ml ni gbogbo omi tó wà lọ́wọ́ wọn láti tì. Nínú sírínjì 10 ml, 5 ml yìí máa ń ti ọ̀pá jáde ní nǹkan bíi 2.7 cm, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n fúnra wọn, nítorí sírínjì ilé iṣẹ́ kan máa ń sanra ju ti òmíràn lọ. Bí sírínjì bá pàdé apá ní 6 cm sí ojú ìṣó, tí ẹrù sì wà ní 30 cm, orí apá á rìn ní ìlọ́po márùn-ún, ìyẹn bíi 13 cm. Ó ti tó. Ẹgbẹ́ tó bá gbé sírínjì sí 10 cm á rí 8 cm péré, wọ́n á sì mọ̀ lórí páálí pé ẹ̀rọ àwọn kò ní dé ibi tí a ní kó dé. Páálí ni wọ́n bà jẹ́, wọn kò ba pákó jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní ìdajì ìwọ̀n, pẹ̀lú nọ́ńbà lára gbogbo ẹ̀ka. Ẹgbẹ́ tí àwòrán rẹ̀ kò ní nọ́ńbà, ẹ má fún wọn ní pákó.

Gígé gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ayùn irin ni kí ẹ lò, kì í ṣe ayùn ńlá ti káfíńtà. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í fò sọ́wọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ń gé, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án yòókù ń ya àwòrán, ń ha pákó pẹ̀lú sáńpépà tàbí ń gé páálí. Fún ayùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kan pákó ìdìmú kan: pákó pẹlẹbẹ tí ẹ kan ọ̀pá mọ́ lójú òkè ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ tún kan òmíràn mọ́ lójú ìsàlẹ̀ ní òdìkejì. Ti ìsàlẹ̀ á há mọ́ etí tábìlì, ti òkè ni ọmọ á fi pákó rẹ̀ tì. Bí kò bá sí èyí, ọmọ kan á máa di pákó mú, èkejì á máa gé, ìka ẹni tó dì í mú ló wà nínú ewu. Ẹ máa yí iṣẹ́ po láàárín wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kíyè sí i dáadáa pé àwọn ọmọbìnrin kò di akọ̀wé àti agbálẹ̀ ẹgbẹ́ nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń di ayùn mú.

Ní ti ìṣó, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan kàn án ní 1 cm sí orí pákó níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí òòlù bá lù ú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sáré láti ẹsẹ̀ ìṣó dé etí pákó, pákó á sì ya. Ẹ mú ìṣó kejì, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí òkúta kí ẹnu mímú rẹ̀ wà lókè, ẹ fi òòlù gbá ẹnu yẹn lẹ́ẹ̀kan kó kú, kí ẹ wá kàn án ní 2 cm sí orí. Kò ní là. Ẹnu mímú máa ń ya iṣan igi sí ọ̀tún sí òsì bí ẹdùn ṣe ń la igi ìdáná. Ẹnu tó kú máa ń fọ́ iṣan náà níwájú rẹ̀ ni, kì í tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Igi súyà ni apá yóò fi yí. Ihò inú apá gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju igi lọ díẹ̀, ihò inú òpó gbọ́dọ̀ fún un pinpin. Bí gbogbo ihò bá fún, apá kò ní yí. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ̀, apá á máa mì sí ọ̀tún sí òsì. Kí wọ́n gé ike ìgò sí róbótó kékeré, kí wọ́n kì í bọ igi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì apá kí pákó má baà máa ha pákó.

Níbi tí wọ́n bá ti ń so sírínjì mọ́ ẹ̀rọ, ẹgbẹ́ mẹ́wàá nínú méjìlá ló máa ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n á fi gáàmù àti okùn ike de ara sírínjì mọ́ pákó gbọn-in, kó má lè mì rárá. Ó dà bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bí apá ṣe ń lọ sókè, ibi tí ọ̀pá sírínjì ti pàdé rẹ̀ kì í gba òòró lọ, ó ń yí kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ ni. Bí sírínjì kò bá lè bá a tẹ̀, ọ̀pá inú rẹ̀ á máa gún ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, rọ́bà dúdú tó wà lórí ọ̀pá á há. Apá á gòkè dé ìdajì, á dúró. Ọmọ á rò pé òun kò tì í tó, á tún tì í. Rọ́bà dírípù á já kúrò lẹ́nu sírínjì, omi á sì tú sí gbogbo wọn lójú. Ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n gbé páálí ọ̀sẹ̀ kejì jáde, kí wọ́n yí apá rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sì wo bí sírínjì tí wọ́n tẹ́ lé e ṣe ní láti máa yí dojú kọ ọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí orí méjèèjì sírínjì lè yí. Wọ́n á fi okùn ike méjì de ara sírínjì mọ́ ọ̀pá pákó kékeré kan, wọ́n á sì fi ìṣó kan ṣoṣo kan ọ̀pá yẹn mọ́ kùkùté pákó tó wà níwájú òpó, kó lè máa tẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Ní òkè, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ọ̀pá inú sírínjì, ẹ má fún ọmọ ṣe. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n á fi so ihò yẹn mọ́ apá, kí wọ́n má fún un jù. Kí wọ́n fi àyè 3 cm sílẹ̀ lábẹ́ ẹnu sírínjì. Bí kò bá sí àyè, rọ́bà á ká bí ọrùn adìẹ tí a fún, omi kò ní kọjá.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rọ omi sí i, kí ẹgbẹ́ kan kọ́kọ́ dán an wò láìsí omi rárá, afẹ́fẹ́ nìkan. Ọmọ á tì í dé àárín, ẹrù kò ní mira; á tún tì í, lójijì ni apá á fò sókè. Afẹ́fẹ́ ń fún pọ̀ kó tó ti nǹkan, omi kì í fún pọ̀. Ohun tí wọ́n rí yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù fún iṣẹ́ tó kàn.

Wọ́n á kán íńkì ẹ̀kán kan sínú bàsíà omi kí afẹ́fẹ́ lè hàn. Wọ́n á ti orí rọ́bà bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó rọ̀, wọ́n á kì í bọ ẹnu sírínjì 5 ml. Wọ́n á fa omi, wọ́n á gbé sírínjì dúró kí rọ́bà wà lókè, wọ́n á fi ìka ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀, róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, á ṣí kúrò, á rọra gun òkè. Wọ́n á tì í jáde, wọ́n á tún fa omi, títí tí rọ́bà àti sírínjì á fi kún dé ìlà 5 láìsí ìlẹ̀kẹ̀ kankan nínú. Wọ́n á ti ọ̀pá 10 ml wọlé pátápátá dé òdo, wọ́n á ri ẹnu rẹ̀ sínú bàsíà, abẹ́ omi níbẹ̀ ni wọ́n á ti so rọ́bà mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tó bá so ó lókè omi, afẹ́fẹ́ á wọlé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń há nínú sírínjì, kí wọ́n fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa rọ́bà orí rẹ̀.

Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n fún ìdánwò. Omi 1 ml, gíráàmù kan ni. Kí wọ́n fi sírínjì 20 ml wọn omi sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó di 200 gíráàmù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 50, kí wọ́n máa fi 50 kún un, kí wọ́n sì máa fi rúlà wọn bí ẹrù ṣe gòkè tó nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní 150 tàbí 200, ẹ̀rọ mélòó kan á dojú dé, nítorí ẹrù wà níwájú etí pákó ìsàlẹ̀, arère sì fúyẹ́. Àwọn kan á gbé píọ̀ wọ́tà lé ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan á fi pákó kún iwájú, àwọn kan á sún òpó sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, bí wọ́n bá ṣáà lè sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n yọ 10 ml kúrò, kí wọ́n fi 20 ml rọ́pò rẹ̀ lábẹ́ apá. Ọmọ tó bá tì í á kígbe pé ó ti fúyẹ́, òótọ́ sì ni: orí ọ̀pá 20 ml fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì àbọ̀ ti 5 ml. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi rúlà sí i, ẹrù kò gòkè ju bíi 8 cm lọ. Ohun tí ọwọ́ rí nínú agbára, ó ti san án nínú ìrìn. Ìgbà yìí ni kí ẹ nàka sí igun pátákó, sí ìbéèrè jáàkì, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹgbẹ́ kan lè ní kí a sún 20 ml sí 4 cm sí ojú igi súyà kó lè ga tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é: á ga tó, ọwọ́ á sì tún wúwo.

Ní ti máàkì, bí mo ṣe rò ó ni pé kí àwòrán àti ìwọ̀n gba 25, gígé àti síso pọ̀ 25, ìdánwò àti àtúnṣe 35, ìtọ́jú irinṣẹ́ 15. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí a ṣe, ohun tó kọ̀, ìdí tí a rò pé ó fi kọ̀. Ẹ̀rọ tí kò gbé 200 gíráàmù rárá lè gba máàkì tó ju ti èyí tó gbé e lọ, bí ìwé ẹgbẹ́ náà bá fi hàn pé wọ́n wá ìdí rẹ̀ dé òpin. Ẹ sọ èyí fún wọn ní ọjọ́ kìíní, ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn òbí pẹ̀lú, nítorí wọ́n á bi yín.

Bí táàmù bá parí, ẹ tọ́jú ẹ̀rọ méjì fún àfihàn, kí wọ́n tú ìyókù. Kí wọ́n da omi inú sírínjì nù, kí wọ́n fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde pátápátá, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì kó ọ̀pá lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Bí ẹ bá tì wọ́n bọ inú ara wọn fún ìsinmi, rọ́bà orí ọ̀pá á lẹ̀ mọ́ ara sírínjì, á sì máa há nígbà tí kíláàsì mìíràn bá fẹ́ lò ó.